Ẹ̀rọ ní Ilẹ̀ Ọkọ̀ Àjẹ̀: Ìtàn Àríyànjiyàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún ní Ààlà Minnesota àti Ontario

Níbi tí ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ti bá ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà pààlà, adágún tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ni ó wà káàkiri inú igbó, tí odò kéékèèké àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró sì so wọ́n mọ́ ara wọn. Apá tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ Boundary Waters Canoe Area Wilderness. Ó fẹ̀ ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, ó sì wà lábẹ́ àkóso Iléeṣẹ́ Igbó ti ìjọba àpapọ̀, nínú igbó ọba ńlá tí a ń pè ní Superior National Forest. Apá tí ó wà ní Kánádà ni ọgbà ìpínlẹ̀ Quetico. Ọkọ̀ àjẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ fífúyẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tù láìsí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n fi ń rin ilẹ̀ yìí: arìnrìn-àjò yóò tukọ̀ dé òpin adágún kan, yóò gbé ọkọ̀ náà lé èjìká, yóò pọn ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn, yóò sì gba ọ̀nà àgbékọ̀, èyí tí í ṣe ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín omi méjì, títí yóò fi kan adágún tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn tí ń lọ síbẹ̀ lóde òní a máa ráhùn pé ayé ìgbàlódé ti wọ inú aginjù wá: iná orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣẹ́jú lókè igbó lóru, fóònù ń dún nínú àgọ́, sátẹ́láìtì sì ń tò kọjá lójú ọ̀run. Ìráhùn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará ibẹ̀, àwọn àlejò àti ìjọba ti ń bá ara wọn fà á lórí ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó wọ ilẹ̀ yìí àti èyí tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé iwájú ààrẹ, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ilé-ẹjọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìjà wọ̀nyí láti ìpìlẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe irin tàbí ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí, bí kò ṣe ìjìnnà. Ohunkóhun tí ó bá sọ inú igbó di ìtòsí ìlú ni wọ́n ń kà sí àlejò tí a kò pè. Èyí tí kò bá sì fọwọ́ kan ìjìnnà náà a máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ì báà ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti rọ ọ́.

Ọ̀nà òwò kí ó tó di aginjù

Kí ẹnikẹ́ni tó pe ilẹ̀ yìí ní aginjù, ilé ni ó jẹ́ fún àwọn Ojibwe, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Anishinaabe. Èèpo igi birch ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ wọn: wọ́n á bó èèpo náà ní abala fífẹ̀, wọ́n á fi gbòǹgbò igi spruce rán an, wọ́n á fi kédárì pẹlẹbẹ ṣe egungun ìhà rẹ̀, wọ́n á sì fi oje igi dí ojú rírán kí omi má baà wọlé. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ débi pé ẹnì kan lè dá gbé e, bí òkúta bá sì lù ú, gbogbo ohun tí a ó fi tún un ṣe wà nínú igbó tí ó yí omi ká. Òun náà ni wọ́n fi ń kórè manoomin, ìyẹn ìrẹsì inú omi tí í ṣe oúnjẹ pàtàkì wọn: ẹnì kan á máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ láàárín ewé rẹ̀, ẹnì kejì á fi igi kan tẹ orí rẹ̀ sínú ọkọ̀, á sì fi igi kejì lù ú kí hóró rẹ̀ lè gbọ̀n sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù dé, wọn kò ní ọkọ̀ kankan tí ó bá ilẹ̀ náà mu tó èyí, wọ́n sì gbà á lò. Ní 1731, ikọ̀ La Vérendrye, oníṣòwò àti olùwárí ilẹ̀ ọmọ Faransé Kánádà, gba Grand Portage wọ inú igbó; ọ̀nà àgbékọ̀ yìí gùn tó máìlì mẹ́jọ àbọ̀ láti Adágún Superior dé Odò Pigeon. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, North West Company ti sọ etí adágún náà di ibùdó òwò awọ béfà, ẹranko omi tí ń fi eyín gé igi lulẹ̀, tí wọ́n ń fi irun rẹ̀ ṣe fìlà ní Yúróòpù. Ọkọ̀ ńlá tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36 ni ó ń kó ọjà wá láti Montreal, èyí tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ ni ó sì ń kó o wọ inú àwọn adágún kéékèèké. Àwọn alágbàṣe atukọ̀ tí Faransé ń pè ní voyageur ni ó ń gbé gbogbo rẹ̀ ré ọ̀nà ẹsẹ̀ kọjá. Ẹrù méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó kìlógíráàmù 41.

Ọ̀nà yìí lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe ìlà ààlà nínú àdéhùn Webster-Ashburton ti 1842, tí wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀nà àgbékọ̀ ojú ààlà ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ méjèèjì. Ní 1854, nínú àdéhùn La Pointe, ilẹ̀ ìhà Minnesota bọ́ lọ́wọ́ àwọn Ojibwe sọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀tọ́ wọn mú láti ṣọdẹ àti láti pẹja níbẹ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá jà fún ìdákẹ́rọ́rọ́ ilẹ̀ náà lẹ́yìn náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ń pè ní aginjù ti jẹ́ ojú ọ̀nà tí èrò ń gbà lọ gbà bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran.

Títì, ìsédò àti ohun tí ojú ń rí láti inú ọkọ̀

Ní 1909 ni Ààrẹ Theodore Roosevelt ya Superior National Forest sọ́tọ̀, ìjọba Ontario sì ya igbó Quetico sọ́tọ̀ ní ọdún kan náà, kí ó tó sọ ọ́ di ọgbà ìpínlẹ̀ ní 1913. Ọdún 1909 yẹn kan náà ni Ole Evinrude, ọmọ Nọ́wè tí ó ń gbé ní Milwaukee, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ta ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí yóò wá di olórí ọ̀ràn ní igbó náà àti òfin tí ó dá igbó náà sílẹ̀ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú ni ó gba gbogbo ènìyàn lọ́kàn nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì ka ẹ́ńjìnnì sí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, mọ́tò di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà lè rà, àwọn oníṣòwò agbègbè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a la títì dé etí àwọn adágún. Iléeṣẹ́ Igbó ti gba Arthur Carhart síṣẹ́ ní 1919 gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa ṣètò ilẹ̀ fún ìgbádùn àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó yẹ àwọn adágún náà wò, ó dámọ̀ràn pé kí a má ṣe la títì wọ inú wọn rárá, kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń tukọ̀. Ní 1926, Mínísítà Ètò Ọ̀gbìn, William Jardine, fọwọ́ sí ìlànà tí ó fi nǹkan bí éékà 640,000 sílẹ̀ láìní títì. Láti ìgbà náà ni òye tuntun ti wọlé, pé ìnira àtidé ibì kan lè jẹ́ ohun tí ó níye lórí, tí ìjọba lè dìídì dáàbò bò.

Lákòókò yẹn kan náà, Edward Backus, olówó oníṣòwò gẹdú àti pépà, gbé àbá kan kalẹ̀ ní 1925 láti mọ àwọn ìsédò sórí omi ààlà kí ó lè rí iná mànàmáná fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà fún un, omi ì bá ti kún bo etí àwọn adágún, ìtàkìtì omi àti ọ̀nà àgbékọ̀ púpọ̀ ì bá sì ti rì. Ernest Oberholtzer, tí òun àti Billy Magee, ọmọ Ojibwe, ti jùmọ̀ tukọ̀ dé Hudson Bay ní 1912, ni ó ṣíwájú àwọn tí ó takò ó. Òfin Shipstead-Newton-Nolan ti 1930 ni ó yọrí sí: òfin náà dá gígé igi dúró láàárín 400 ẹsẹ̀ bàtà sí etí omi, ó sì ní kí a má ṣe yí ìwọ̀n omi àwọn adágún padà. Ìwọ̀n 400 ẹsẹ̀ bàtà yìí fi èrò àwọn aṣòfin hàn kedere, nítorí pé igi tí ó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ṣì jẹ́ ti agégẹdú. Ohun tí ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ lè rí ni wọ́n dáàbò bò. Ojú àlejò tí ń kọjá lọ lórí omi ti di òṣùwọ̀n òfin.

Bàlúù tí ń bà lórí omi

Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ dá ìjà gidi sílẹ̀ kò gba orí ilẹ̀ wá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn awakọ̀ òfurufú tí ogun ti kọ́ níṣẹ́ padà sílé, bàlúù kékeré sì pọ̀ lọ́jà. Bí a bá yọ táyà irú bàlúù bẹ́ẹ̀, tí a sì so ohun gígùn méjì tí ó dà bí ọkọ̀ kékeré mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó lè bà sórí adágún èyíkéyìí tí ó bá gùn tó. Ely, ìlú ìwakùsà irin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà igbó náà, di ibùdó ńlá fún wọn. Àwọn kan sì ní ilẹ̀ tiwọn nínú igbó náà tí wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí, nítorí náà apẹja tí ó lówó lọ́wọ́ lè wọ bàlúù ní Ely, kí ó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dé adágún tí atukọ̀ yóò fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wá. Títì tí Jardine kò jẹ́ kí wọ́n là ti gba ojú ọ̀run wọlé.

Sigurd Olson, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ àti afọ̀nàhàn ní Ely, wà lára àwọn tí ó kó ara jọ láti lé bàlúù kúrò. Ọ̀nà méjì ni ìjọba gbà dá wọn lóhùn. Òfin Thye-Blatnik ti 1948 fún Iléeṣẹ́ Igbó ní agbára àti owó láti máa ra ilẹ̀ aládàáni inú igbó náà padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1949, Ààrẹ Harry Truman pàṣẹ pé kí bàlúù kankan má ṣe fò lókè ibẹ̀ nísàlẹ̀ 4,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìpele òkun, àyàfi nígbà pàjáwìrì tàbí fún iṣẹ́ ìjọba. Àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Àwọn onílé ìgbafẹ́ kan kò gbà, wọ́n ń fò lọ bí ti tẹ́lẹ̀, ìjọba sì gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Perko. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ti ìjọba lẹ́yìn ní 1953. Báyìí ni ààlà aginjù náà ṣe kúrò ní ohun tí a fi ń yí ilẹ̀ ká nìkan, tí ó di ohun tí ó ga sókè wọ inú afẹ́fẹ́.

Ìgbé ayé Dorothy Molter fi hàn bí ìjìnnà tí òfin dá padà ṣe rí lójú ẹni tí ń gbé inú igbó náà. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí, ó sì ń bójú tó ilé ìgbafẹ́ kékeré kan lórí erékùṣù ní Adágún Knife. Bàlúù ni ó ń bá a gbé ọjà wá tẹ́lẹ̀, títí kan àwọn ohun mímu inú ìgò; nígbà tí àṣẹ Truman dá bàlúù dúró, òfìfo ìgò púpọ̀ ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi adágún po root beer, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ó ń rọ ọ́ sínú àwọn ìgò náà, ó sì ń fi yìnyín tí wọ́n gé láti inú adágún nígbà òtútù mú un tutù fún àwọn atukọ̀ tí ń kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí òfin fẹ́ kó gbogbo ilé kúrò nínú igbó náà, àwọn ará ìlú bẹ̀bẹ̀ fún un, ìjọba sì jẹ́ kí ó máa gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1986.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ìbínú Ely

Bàlúù jẹ́ ti àwọn díẹ̀ tí ó lówó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìdí sì nìyẹn tí ìjà rẹ̀ fi le ju ti bàlúù lọ. Òfin Aginjù tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964 ka ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ aginjù ìjọba: títì, mọ́tò, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, bàlúù tí ń balẹ̀, irinṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ṣiṣẹ́, àti ilé kíkọ́. Síbẹ̀ òfin náà yọ ilẹ̀ adágún yìí sílẹ̀ lọ́tọ̀, ó gbà kí ẹ́ńjìnnì máa lọ níbi tí wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kò sì dá gígé gẹdú dúró pátápátá. Aginjù tí ẹ́ńjìnnì ń dún nínú rẹ̀ kò lè tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ó sì di dandan kí ọ̀rọ̀ náà padà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1978, aṣòfin Don Fraser láti Minneapolis gbé àbá kalẹ̀ pé kí a lé gbogbo ẹ́ńjìnnì jáde, nígbà tí aṣòfin James Oberstar, ẹni tí ó ń ṣojú agbègbè náà gan-an, fẹ́ kí a pín ilẹ̀ náà sí méjì, kí apá kan jẹ́ ti àwọn tí ń lo ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará Ely rí ọ̀rọ̀ náà bí ìwọ̀sí: iṣẹ́ kùsà ń lọ sílẹ̀, owó àwọn apẹja ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ, àwọn baba wọn ti fi ẹ́ńjìnnì kékeré pẹja lórí omi yìí, àwọn ará ìlú ńlá tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún sì ń sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe máa rìn ní àgbàlá ara wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin wá gbọ́ tẹnu wọn ní Ely ní oṣù Keje ọdún 1977, wọ́n so ère àfiṣẹ̀sín Sigurd Olson rọ̀ níta, wọ́n sì ń pariwo lé e lórí nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Fraser, tí ó ń dupò sẹ́nétọ̀, fìdí rẹmi nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀ràn adágún yìí sì wà lára ohun tí ó fà á.

Òfin tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978 mú ìhà méjèèjì dé ibì kan tí kò wu ẹnikẹ́ni tán. Ó dá gẹdú gígé dúró, ó sé ọ̀nà mọ́ ìwakùsà, ó sì dín omi tí ẹ́ńjìnnì lè lọ kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, pẹ̀lú òté agbára ẹṣin 25 ní àwọn adágún kan àti 10 ní àwọn mìíràn. Kódà lẹ́yìn èyí, wọ́n ṣì lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀nà àgbékọ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bá ènìyàn gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá. Ilé-ẹjọ́ dá wọn dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òfin tuntun kan ní 1998 sì dá méjì padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ìhà Kánádà, Quetico lé ẹ́ńjìnnì jáde ní ìparí ọdún 1970 sí 1979, ṣùgbọ́n ó gba àwọn afọ̀nàhàn láti Lac La Croix, ìlú àwọn Ojibwe tí ó wà létí ọgbà náà, láyè láti máa lò ó ní àwọn adágún kan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní 1915 ni ìjọba Ontario ti fagi lé ilẹ̀ tí àdéhùn fi sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn wọn nínú Quetico, tí ó sì sọ wọ́n di àlejò ní ilé ara wọn. Ní 1991 ni ìjọba náà tó tọrọ àforíjì. Ìjìnnà tí àlejò láti ìlú ńlá ń wá gẹ́gẹ́ bí ìsinmi kì í ṣe ohun kan náà fún ẹni tí ilẹ̀ náà jẹ́ ibi iṣẹ́ àti ogún baba rẹ̀, ọ̀nà tí ó jìn sí ibi iṣẹ́ kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí ara tù.

Àwọn ohun ìgbàlódé tí ẹnikẹ́ni kò lé

Bí gbogbo ìjà yìí ti ń lọ, ọkọ̀ àjẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí padà láìsí ẹjọ́ kankan. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kánfáàsì tí a kùn ní ọ̀dà ti gba ipò èèpo birch lára ọkọ̀ onígi. Ní 1944, William Hoffman, ọ̀gá kan ní Grumman tí ń ṣe bàlúù ogun, ru ọkọ̀ kánfáàsì tí ó wúwo gba ọ̀nà àgbékọ̀ ní òkè Adirondack, ó sì rò ó pé alùmíníọ́mù tí àwọn fi ń ṣe bàlúù yóò fúyẹ́ jù ú lọ. Lẹ́yìn ogun, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọkọ̀ alùmíníọ́mù jáde fún títà, àwọn tí ń fi ọkọ̀ háyà ní Ely sì rà wọ́n nítorí pé òkúta kì í tètè fọ́ wọn. Kevlar ni ó tẹ̀ lé e, fọ́nrán líle tí Stephanie Kwolek ṣàwárí rẹ̀ ní DuPont ní 1965. Ọkọ̀ ènìyàn méjì tí a fi ṣe lè má wúwo ju kìlógíráàmù 18 lọ.

Kò sí ohun tí ó jẹ́ ti ìgbàlódé ju Kevlar lọ, bẹ́ẹ̀ ni bàlúù tí Truman lé àti ọkọ̀ Grumman jẹ́ ọmọ irin kan náà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò pe ọkọ̀ wọ̀nyí ní àtakò sí aginjù. Ìdí ni pé wọ́n mú ẹrù fúyẹ́, wọn kò mú ọ̀nà kúrú. Ẹni tí ó gbé wọn yóò ṣì tukọ̀ gbogbo omi náà, yóò sì rin gbogbo ọ̀nà náà. Ní ìdàkejì, láti 1971 ni agolo àti ìgò oúnjẹ tí a ń jù nù ti di èèwọ̀ níbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì tàbí ariwo kankan, nítorí pé òfìfo wọn tí ó wà nísàlẹ̀ adágún àti nídìí àgọ́ ń rán ènìyàn létí ọjà tí ó ti kúrò. Ìtàn méjèèjì yìí ni ó jẹ́ kí ó dáni lójú pé ìjìnnà sí ìlú ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, yálà wọ́n sọ ọ́ jáde tàbí wọn kò sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tí kò gba ẹnu ọ̀nà

Gbogbo ẹ̀rọ tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí ní ara àti ohùn, ó sì gba ibì kan wọlé tí a lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Èyí tí ó dé ní ọ̀rúndún kọkànlélógún kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà yọ àṣìṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tí ó ti fi sínú GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tí ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn án, ẹ̀rọ kékeré tí a ń mú lọ́wọ́ sì lè tọ́ka ọ̀nà àgbékọ̀ tí a ti ń fi máàpù àti kọ́ḿpáàsì wá tẹ́lẹ̀. Ní 2003, ará ìlú gba ẹ̀tọ́ láti máa lo ẹ̀rọ ìpè pàjáwìrì tí ń ké sí sátẹ́láìtì láti ibikíbi ní Amẹ́ríkà. Ní 2007, ẹ̀rọ SPOT mú kí ènìyàn lè máa ránṣẹ́ sílé pé àlàáfíà ni òun wà. Ní 2022, Apple fi ìpè pàjáwìrì sátẹ́láìtì sínú iPhone, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mú lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ lè ké fún ìrànlọ́wọ́ láàárín igbó tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Òfin 1964 kò ní ohun tí yóò fi mú wọn. Àwọn tí ó kọ ọ́ ń ronú nípa ẹ́ńjìnnì, ìlànà Iléeṣẹ́ Igbó sì yọ ohun kékeré bíi iná tọ́ọ̀ṣì, aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ayàwòrán sílẹ̀ kúrò nínú irinṣẹ́ tí a kà léèwọ̀. Ẹnu ọ̀nà tí a ṣí fún aago ọwọ́ ni fóònù gbà wọlé. Dírónù, bàlúù kékeré tí ń ya àwòrán, ṣì bọ́ sábẹ́ òfin àtijọ́, nítorí pé ó ní ẹ́ńjìnnì, ó sì gbọ́dọ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì tí a kò lè fojú rí kò ní ibi ìbalẹ̀.

Ìjà kan ṣoṣo tí ó ṣeé gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ ni ti òpó. Ní 2010, ẹgbẹ́ Friends of the Boundary Waters Wilderness pe ilé-iṣẹ́ fóònù AT&T lẹ́jọ́ nítorí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó fẹ́ gbé sí orí òkè kan nítòsí Ely, lẹ́yìn ààlà aginjù náà. Òpó náà yóò ga tó 450 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí ó béèrè pé kí iná máa ṣẹ́jú lórí rẹ̀ nítorí bàlúù. Àwọn olùpẹ̀jọ́ kò sọ pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni òpó kúkúrú tí kò nílò iná, tí a kò sì ní rí láti orí adágún. Ní 2011, adájọ́ gbà fún wọn, ó ní kí òpó náà má ga ju 199 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ Minnesota yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n sì gbé òpó gíga náà nàró. Àwọn ará agbègbè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlà ti sọ pé ẹ̀mí ènìyàn lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Ìjì ńlá ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1999, tí ó wó igi lulẹ̀ lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún éékà, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ atukọ̀ lára, ti fi hàn pé nígbà ìṣòro, bàlúù olómi ti Iléeṣẹ́ Igbó tí àṣẹ Truman yọ sílẹ̀ ni ó ń lọ gbé wọn.

Ọ̀run náà wá di ọ̀ràn tuntun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, àjọ àgbáyé tí ń dáàbò bo òkùnkùn òru fún Boundary Waters ní oyè gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìràwọ̀ ṣì hàn kedere, Quetico sì gba irú oyè bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ sí i. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ni SpaceX ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju sátẹ́láìtì Starlink sókè ní ọgọ́ta-ọgọ́ta, tí wọ́n ń tò kọjá bí ìlà ìmọ́lẹ̀ ní alẹ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Agbára Truman dúró ní 4,000 ẹsẹ̀ bàtà, ibi tí sátẹ́láìtì ń gbà kọjá sì ju agbára òfin igbó èyíkéyìí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí

Ìtàn yìí kọ́ni pé òfin lágbára lórí ohun tí ó ń ti ìta wá. Títì, ìsédò, bàlúù àti ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, oníṣòwò, onílé ìgbafẹ́ tàbí aládùúgbò, àwọn tí ó fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ sì lè kóra jọ kí wọ́n bá wọn ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tí ń ráhùn pé fóònù ti wọ aginjù ni ó gbé e sínú àpò ara rẹ̀ wọlé. Kò sí aṣòfin tí yóò fi òfin gba ìpè pàjáwìrì lọ́wọ́ atukọ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lè gba ẹ̀mí là àti èyí tí ó lè mú iṣẹ́ ọ́fíìsì wọ inú àgọ́ ti di ohun kan ṣoṣo, bí a bá sì lé ọ̀kan, a ti lé èkejì.

Ohun tí ó kù ni pé kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìjìnnà gan-an. Ọ̀nà àgbékọ̀ kò kúrú ju bí ó ti rí ní ayé àwọn voyageur lọ, omi kò sì dín. Ohun tí ó kúrú ni àkókò láàárín ìṣòro àti ìrànlọ́wọ́, àti láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn. Ní ayé Oberholtzer àti Magee, ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n padà wálé láàyè ni òye omi àti ìṣọ́ra, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní wá. Atukọ̀ òde òní lè yá ìgboyà lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó kó sójú ìtàkìtì omi tí òye rẹ̀ kò gbé, tí bátìrì bá sì tán, ìgboyà náà tán. Nítorí náà ìpinnu tí Carhart, Truman àti Carter ṣe fún gbogbo ènìyàn ti bọ́ sí ọwọ́ arìnrìn-àjò kọ̀ọ̀kan báyìí: ohun tí yóò tàn, ohun tí yóò pa, àti ohun tí yóò fi sílẹ̀ nínú mọ́tò kí ó tó gbé ọkọ̀ sómi. Ìpinnu àdáṣe kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó òfin, kò sì lè dí iná orí òpó tàbí sátẹ́láìtì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó bá irú ẹ̀rọ tí ó kù mu. Bí àwọn ará Ely àti ti Lac La Croix bá sì ń ka ìtàn yìí, wọn yóò fi kún un pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí ń fẹ́ ìjìnnà ni yóò san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀.